"Òkè ló ní ká fi í sílẹ̀": ṣé òfin nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò wa. Ọ̀nà Ọdẹ́dá la ń gbé, lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Bí kúárì tó wà nítòsí wa bá ti fi bọ́ǹbù fọ́ àpáta, ògiri wa a sán, eruku a bo láfún tí a sá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé "òkè", ìyẹn àwọn ọ̀gá wọn, ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣé gómìnà lè dá òfin dúró ni? Ta ni ká lọ bẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni.

Gómìnà kọ́ ló ń fún kúárì níwèé àṣẹ. Ìjọba àpapọ̀ ni, lábẹ́ òfin ìwakùsà 2007.

"Òkè ní" yìí ló ń bí mi nínú. Kò sí gómìnà tàbí mínísítà tó lè fẹnu lásán pa òfin rẹ́. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n febi pa á. Wọn ò ní fọwọ́ sí owó iṣẹ́, wọn a ṣí ọ̀gá tó le nípò, wọn a ní kí ẹ̀sùn wà nílẹ̀ títí ìdìbò á fi kọjá. Mo dé ọ́fíìsì kan rí: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eruku ṣì wà nínú páálí, wọn ò tíì já ọ̀rá ara rẹ̀, ọkọ̀ tí ì bá gbé e lọ ò lépo. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ wọn ò ṣe é.

Ìwé ni kí ẹ fi bá wọn jà. Òfin EIA ti 1992, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ kan máa ṣe fún àyíká, ní kúárì tí kò bá jìnnà tó kìlómítà 3 sí ibùgbé gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, àti mínísítírì àyíká l'Ábùjá, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò náà hàn yín. Òfin 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìjọba fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dá yín lóhùn. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá tún ní "òkè ní", ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Kò ní kọ ọ́.

Mi ò tíì rí ìwé kúárì náà o, mi ò sì sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Ẹ ya fọ́tò ògiri yín, ẹ kọ ọjọ́ àti aago bọ́ǹbù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wá agbẹjọ́rò tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lójúkojú. Láfún yẹn ńkọ́? Ẹ gbé e kúrò níta ná. Eruku òkúta kì í ṣe ohun jíjẹ.