Ọmọ Ọdẹ Fẹ́ Di Rénjà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá wa. Ọmọ Ìgbòho ni mí, ọmọ ọdún 19. Ọdẹ ni bàbá mi, ẹ̀yìn wọn ni mo ti mọ igbó. Mo ti ṣe WAEC. Iṣẹ́ rénjà ló wù mí, àwọn tó ń ṣọ́ ẹranko àti ẹja ní páàkì Ọ̀yọ́-Ilé. Ìyá mi ní iṣẹ́ ikú ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ lọ sílé ìwé mọ́, pé kí n ṣáà ti mọ ìbọn-ọ́n yìn. Ẹnì kan sì ní kí n mú owó wá, òun á bá mi wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ. Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí wọ́n bá sì ní kí n tún ọ̀kan mú, òun náà ni màá mú.

Ti owó yẹn la ó kọ́kọ́ yanjú. Má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. Wọn kì í tà á. Ẹni tó ní kí o mú owó wá, jìbìtì ló fẹ́ lù ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Lóòótọ́, wọ́n á kọ́ ọ ní ìbọn. Ṣùgbọ́n bíírò àti ìwé ló ń gbé iṣẹ́ yìí dúró. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, etí odò Ògùn ni ẹranko ń lọ mumi, ẹni tó yọ́ wọ páàkì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wáyà bíréèkì ọ̀kadà ló máa fi dẹ okùn, á so ó mọ́ ìdí igi, á gbé ojú okùn náà sí ibi tí orí àgbọ̀nrín máa bá. Ìwọ tí o ti tẹ̀ lé bàbá rẹ, wàá rí i: koríko tó dà sápá kan, èèpo igi tó bó níbi tí wáyà ti ń há a. Ojú yẹn, kò sí olùkọ́ tó lè fún ọ.

Bí o bá tú okùn náà tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Aago mélòó lo rí i? Ibo gan-an, kí ni GPS, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi téèyàn wà, kọ? Wáyà mélòó? Àwọn wo lẹ jọ wà níbẹ̀? Ẹran inú àpò, tútù ni àbí yíyan? A mú ọkùnrin kan nígbà kan, tòun tìbọn, tòun tẹran. Nílé ẹjọ́, ohun tí rénjà kọ sílẹ̀ àti ohun tó ń fẹnu sọ kò bára mu, ọkùnrin náà sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó jẹ̀bi.

Nítorí náà, lọ sílé ìwé. Federal College of Wildlife Management wà ní New Bussa, ìpínlẹ̀ Niger, ìtòsí páàkì Kainji. Wọ́n ń ṣe ND, wọ́n ń ṣe HND. Bó bá jẹ́ yunifásítì lo fẹ́, Ìbàdàn àti FUNAAB ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko igbó. Má fi Báyọ́lọ́jì ṣeré o.

Ti ẹja: nínú páàkì, òfin kan náà ló ń dáàbò bo ẹja àti ẹran. Àwọn kan á da Gammalin, oògùn apakòkòrò, sódò, ẹja wẹ́wẹ́ tí kò ju ìka lọ á yí ikùn sókè pẹ̀lú àwọn ńlá, èèyàn á tún bu omi náà mu nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹja gan-an ló wù ọ́, ilé ìwé ẹja odò wà ní New Bussa kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ń rí sí ẹja pípa ni ìyẹn máa ń gbé èèyàn lọ, kì í ṣe rénjà.

Owó oṣù kò pọ̀. Wọ́n sì lè gbé ọ lọ sí páàkì mìíràn, bí Okomu ní Edo, tàbí Gashaka-Gumti lórí òkè Taraba àti Adamawa. Ẹ̀rù tó ń ba ìyá rẹ kì í ṣe àsọdùn, àwọn tó ń gbébọn rìn nínú igbó ti pọ̀ sí i. Sọ fún wọn pé rénjà kì í dá rìn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni bàbá rẹ. Lọ́jọ́ kan, o lè bá ọ̀rẹ́ wọn nídìí okùn, wàá sì ní láti mú un. Sọ fún wọn pé nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn tó ti ń ṣọdẹ tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣọ́ erin báyìí. Jókòó tì wọ́n, kí ẹ sọ ọ́ yanjú kí o tó ra fọ́ọ̀mù JAMB. Bí wọ́n bá kọ̀, kọ̀wé sí mi padà kí o sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ fún mi.