Tíìmù tó ti borí nígbà márùn-ún tẹ̀léra: kí ni kí a wò lára wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Tísà ìṣirò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lápá Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo, èmi náà ni wọ́n ní kí n máa bójú tó àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá la wà báyìí. Àwọn tá a fẹ́ kojú ti borí nígbà márùn-ún tẹ̀léra: 6-0, 1-0, 2-1, 5-0, 1-0. Mo gbọ́ pé kọ́nà ni wọ́n ti rí góòlù nínú ọ̀kan lára 1-0 yẹn, pẹnáritì sì ni ti èkejì. Àwa borí méjì, a gbá ọ̀mì mẹ́ta. Ẹ̀rù ti ń ba àwọn ọmọ mi. Mo ń rò ó pé kí gbogbo wa kó sẹ́yìn títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè, bóyá a ó lè fi pẹnáritì mú wọn. Wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ Sátidé, mo sì lè lọ wò ó. Kí ni kí n máa wò?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ, Tísà. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ jù ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Góòlù 15 ni wọ́n gbá. Ẹ yọ 6-0 àti 5-0 kúrò, ó ku mẹ́rin nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Nínú mẹ́rin yẹn, ọ̀kan ti orí kọ́nà wá, ọ̀kan jẹ́ pẹnáritì. Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n bá pàdé ẹni tó lè dúró, ó pọ̀ jù, góòlù méjì ni kò wá láti orí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé kalẹ̀ gbá. Àwọn tí wọ́n nà ní 6-0 àti 5-0 yẹn ńkọ́, ta ni wọ́n? Tó bá jẹ́ pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń na àwọn yẹn, ẹ má jẹ́ kí góòlù 11 dẹ́rù bà yín.

Nítorí náà, èrò yín láti kó gbogbo ọmọ sẹ́yìn ni mo lòdì sí jù. Tíìmù tó bá kó sínú bọ́kísì ara rẹ̀, ìyẹn àyíká iwájú àwọ̀n, fún gbogbo àkókò ìdíje yóò máa gbá bọ́ọ̀lù síta, kọ́nà á pọ̀. Ọmọ tó ti rẹ̀ yóò sì na ẹsẹ̀ sí ẹni tí kò yẹ kó nà án sí, pẹnáritì dé nìyẹn. Ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n mọ̀ pé àwọn fi ń rí góòlù lẹ fẹ́ fà lé wọn lọ́wọ́. Bí rẹfirí bá sì fún wọn ní pẹnáritì, ẹ mọ̀ pé nínú mẹ́rin, bíi mẹ́ta ló ń wọlé.

Ẹ tò wọ́n sí nǹkan bí ìdajì pápá yín, kì í ṣe sẹ́nu àwọ̀n. Ẹ fi ọmọ kan tó lè sáré sílẹ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹ̀gbẹ́ wo? Ohun tí ẹ ń lọ wò lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá lọ wo alátakò, bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń wò. Ẹ gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, kí ẹ wo àwọn báàkì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ta nínú wọn ló máa ń sáré lọ síwájú? Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣé ó ń sáré padà ni àbí ó ń rìn? Tó bá ń rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ yín tó lè sáré yóò dúró sí. Ẹ tún wo aṣọ́lé wọn: ṣé ó máa ń fi bọ́ọ̀lù lé ẹni tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́ ni, àbí ó ń gbá a gbọọrọ lọ síwájú? Tó bá ń gbá a gbọọrọ, ta ló ń fò fi orí kàn án, ibo ló sì máa ń bọ́ sí? Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ọmọ ààrin yín tó gbọ́n jù sí. Ti bí wọ́n ṣe to ara wọn sórí pápá, pé 4-4-2 ni wọ́n ń gbá tàbí 4-3-3, ẹ má da ara yín láàmú. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kì í rántí rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn àgbà gan-an ńkọ́?

Ẹ mú ọmọ méjì lára àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì dání, kí ẹ fún wọn ní bébà. Kí wọ́n ya pápá sí i, kí ọ̀kan máa fi àmì sí ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù sí ojú àwọ̀n, kí èkejì máa sàmì sí ibi tí bọ́ọ̀lù ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Gbígbá láti inú bọ́kísì léwu ju gbígbá láti òkèèrè lọ. Bébà yẹn yóò sọ ohun tí èsì kì í sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni o: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn tó ń gbá fún wọn nínú ìdíje gan-an ló wọ pápá.

Ẹ wá wò ó bóyá orí ẹnì kan ṣoṣo ni ẹrù wọn wà. Ẹ rántí Super Eagles. Ní oṣù Kejì 2024 wọ́n dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, góòlù méjì péré ló sì wọ àwọ̀n wọn kí wọ́n tó débẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, nínú ìdíje láti yege fún Ife Àgbáyé, wọ́n gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Ùyó, Benin sì nà wọ́n 2-1 ní Abidjan. Lóòótọ́, wọ́n ti pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ṣùgbọ́n Victor Osimhen, agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn, tó fara pa kò sí níbẹ̀. Nígbà tó padà sínú ìdíje láti yege yẹn ní oṣù Kẹta 2025, òun ló gbá góòlù méjèèjì tí wọ́n fi borí Rwanda ní Kigali. Ní oṣù Kẹwàá, ó gbá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí wọ́n fi na Benin ní Ùyó. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n pàdé DR Congo, ó fara pa, kò padà wá fún abala kejì. Wọ́n gbá 1-1, wọ́n sì pàdánù nídìí pẹnáritì. Nítorí náà, bí alátakò yín bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má rán ẹni mẹ́ta sí i. Ẹ wá ẹni tó ń fún un ní bọ́ọ̀lù, kí ẹ dí ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ bèèrè pápá tí wọ́n ti gbá márààrún. Nínú líìgì Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tó bá wà nílé ló sábà máa ń borí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò sì yàtọ̀. Bí ìdíje yín kò bá ní sí nílé wọn, agbára wọn ti dín díẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ yín, ẹ sọ fún wọn pé Arsenal ọdún 2003/04 tí ẹnikẹ́ni kò nà nínú líìgì gbá ọ̀mì 12 nínú 38. Ẹ̀yin náà, ẹ kò tíì pàdánù.

Tí wọ́n bá ní kí n sọ ta ni yóò borí, màá ṣì mú alátakò yín, àmọ́ kò ní jẹ́ bí ẹni tó na èèyàn 6-0. Ìdíje kan péré ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìdajì àsìkò ìgbáradì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dí kọ́nà: ta ló dúró níbi òpó àkọ́kọ́, ta ló jáde lọ pàdé bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n máa gbá pẹnáritì nígbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ṣì le.

Ó ku ìdíje 2-1 yẹn. Òun nìkan ni góòlù ti wọ àwọ̀n wọn, mo sì kà á sí ju mẹ́rin tó kù lọ. Ẹ wá tísà tó kó àwọn ọmọ tó pàdánù níbẹ̀ lọ, ẹ bi í léèrè ta ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ni, kó sọ ohun tí alátakò yín ṣe títí wọ́n fi dá a padà: ṣé wọ́n ní sùúrù, àbí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà?