Èsì: Dókítà eegun fún ìgbáròkó màmá

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ ní ẹ ń wá ọ̀gá nínú àwọn dókítà eegun ní Èkó tàbí Ìbàdàn, nítorí ìgbáròkó tó ń ro wọ́n. Ilé ìwòsàn eegun ní Igbobi, l'Èkó, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, torí iṣẹ́ eegun gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Bí Ìbàdàn bá sún mọ́ yín jù, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì níbẹ̀, náà dáa.

Ṣùgbọ́n ẹ má wo orúkọ ńlá nìkan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn dunjú lè má fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ìgbáròkó. Ẹ bi í pé, "Dókítà, ẹni mélòó lẹ ti pààrọ̀ ìgbáròkó fún lọ́dún tó kọjá?" Ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú kò ní bínú. Ẹ wò ó bóyá FWACS tàbí FMCOrtho, ìyẹn oyè àwọn ọ̀gá dókítà oníṣẹ́ abẹ àti ti eegun, wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀.

Nígbà ti bàbá mi, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ká san owó iṣẹ́ abẹ orúnkún lọ́jọ́ náà gan-an. A sá lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn. Ó gbé fíìmù X-ray sókè síná, ó wò ó títí, ó wá ní kí bàbá rìn dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n padà. Físíò, ìyẹn ìtọ́jú pẹ̀lú eré ìdárayá, ló kọ fún wọn. Ọdún kẹta rèé, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọn rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ńṣe ni màmá ṣubú tí wọn ò lè dìde, ẹ má wá ọ̀gá kankan mọ́. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹsẹ̀ náà.