Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí “Àkúrẹ́” kò bá “Àkúrẹ́” dọ́gba

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tí wọ́n ti ń ra kòkó ní ìlú Oǹdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo kọ ètò Python tó ń ka fáìlì ìwọ̀n: orúkọ àgbẹ̀, ìlú rẹ̀, iye kílò. Àwa mẹ́ta là ń tẹ nǹkan sínú fáìlì náà, ẹnì kan lórí fóònù, ẹni méjì lórí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá wá “Àkúrẹ́”, díẹ̀ ló máa ń jáde nínú èyí tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú mi kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣé mo lè kọ ìpele kan tí yóò máa tún un ṣe bí fáìlì ṣe ń wọlé, kí n má baà máa tú gbogbo iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ palẹ̀? — *Olùkàwé, Oǹdó*

Ìdáhùn: Ẹ lè kọ ọ́, ó sì yẹ kí ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe fáìlì yín. À, ú, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn àtẹ tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹnì kan tẹ ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, U+1EB9, ó wá fi àmì òkè, U+0301, lé e. Ẹlòmíràn tẹ e lásán, ó fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sí i, ó tún fi àmì òkè kún un. Ẹnì kẹta tẹ é, U+00E9, kó tó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Nínú UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń kọ nọ́ńbà Unicode sínú fáìlì ní báìtì, 5 ni ti ẹni àkọ́kọ́, 5 náà ni ti ẹnì kejì, 4 sì ni ti ẹnì kẹta. Odindi “Àkúrẹ́” jẹ́ báìtì 11 ní ìrísí tí wọ́n ń pè ní NFC, níbi tí lẹ́tà àti àmì ti so pọ̀ débi tó bá ṣeé ṣe. Ó di 13 ní NFD, níbi tí gbogbo àmì ti dá dúró. Nọ́ńbà Unicode ni == ń fi wéra nínú Python, kò mọ Yorùbá.

Nígbà tí ẹ bá fi open ṣí fáìlì ọ̀rọ̀ nínú Python 3, ìpele mẹ́ta ló dúró lórí ara wọn. FileIO wà nísàlẹ̀, òun ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. BufferedReader jókòó lé e, ó ń bu báìtì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó má baà máa lọ máa bọ̀ lọ́dọ̀ díìsìkì. TextIOWrapper ló wà lókè, òun ló ń sọ báìtì di ọ̀rọ̀. Ìpele tiyín lè gba ipò FileIO, kí àwọn méjì tó wà lókè má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti wọlé sáàárín. Ẹ wo èyí, tí a sọ ní Ase nítorí pé iṣẹ́ asẹ́ ògì ló ń ṣe:

```
import io, unicodedata

class Ase(io.RawIOBase):
    def __init__(self, isale):
        self.isale = isale
        self.ajeku = ""      # ọ̀rọ̀ tí a kò tíì tú sílẹ̀
        self.setan = b""     # báìtì tó ti ṣetán
        self.pari = False

    def readable(self):
        return True

    def readinto(self, b):
        while not self.setan and not self.pari:
            oro = self.isale.read(4096)
            odidi = self.ajeku + oro
            if not oro:
                self.pari = True
                i = len(odidi)
            else:
                i = len(odidi) - 1
                while i > 0 and unicodedata.combining(odidi[i]):
                    i -= 1
            self.ajeku = odidi[i:]
            mo = unicodedata.normalize("NFC", odidi[:i])
            self.setan = mo.encode("utf-8")
        n = min(len(b), len(self.setan))
        b[:n] = self.setan[:n]
        self.setan = self.setan[n:]
        return n

    def close(self):
        self.isale.close()
        super().close()

ipile = open("iwon.txt", encoding="utf-8")
f = io.TextIOWrapper(io.BufferedReader(Ase(ipile)), encoding="utf-8")
```

Láti ibẹ̀ lọ, bí ẹ ti ń lo fáìlì tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa lo f: for ila in f, csv.reader, ohunkóhun tó bá ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti fi normalize sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ wá gan-an di NFC pẹ̀lú. Bí fáìlì bá mọ́ tí ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ láti wá a kò mọ́, ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa padà sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà ni while kékeré tó wà nínú. A ń bu lẹ́tà 4096 lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ohun tó ní kí ibi tí abọ́ ti kún má bọ́ sáàárín e àti àmì rẹ̀. Bí ẹ bá tún abọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, e á ti jáde lọ kí àmì rẹ̀ tó dé, wọn kò sì ní lè so pọ̀ mọ́. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ burú nítorí pé ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú fáìlì ńlá, kó sì pòórá bí ẹ bá pa ìlà kan rẹ́ lókè. Ìdí nìyí tí a fi ń padà sẹ́yìn títí a ó fi kan lẹ́tà tí kì í ṣe àmì, tí a sì ń fi òun àti àwọn àmì ẹ̀yìn rẹ̀ pa mọ́ sínú ajeku di ìgbà tí abọ́ tó kàn bá dé. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ yí 4096 padà sí 1, kí ẹ tún ka fáìlì kan náà. Ohun tó máa jáde kò gbọdọ̀ fi báìtì kan yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. (Yorùbá ni ọgbọ́n yìí tọ́ fún. Lẹ́tà àwọn ará Kòríà máa ń so pọ̀ lọ́nà mìíràn tí combining kò ní fi hàn.)

Ohun kejì: bí readinto bá dá 0 padà, “fáìlì ti parí” ni gbogbo ìpele tó wà lókè máa gbọ́. Ìdí nìyẹn tí while ńlá fi wà níbẹ̀, kí a má baà dá 0 padà nígbà tí ajeku ṣì ní nǹkan nínú. A kò kọ seek, àṣẹ tó ń fò lọ sí ibòmíràn nínú fáìlì, sí i, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: ipò báìtì nínú fáìlì tí ẹ ń kà kò bá ti fáìlì tó wà lórí díìsìkì mu mọ́.

Bí fáìlì bá ti Excel wá gẹ́gẹ́ bíi CSV UTF-8, ẹ lo utf-8-sig ní ìlà ipile. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, U+FEFF, àmì tí ojú kì í rí tí Excel ń fi sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, á lẹ̀ mọ́ orúkọ òpó àkọ́kọ́, ètò yín á sì máa sọ pé òun kò rí òpó tó wà níwájú òun. Bí ẹ bá sì ti fi gzip dì í, ẹ kàn fi gzip.open pẹ̀lú "rt" rọ́pò open. Ase kò bìkítà ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti kọ irú ìpele bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìkọsílẹ̀ ni tèmi. Bí mo bá kọ “Àkúrẹ́” sí fáìlì, àmì òkè méjì ló ń jókòó lórí ẹ tó kẹ́yìn. Níbo ni ìkejì ti wá? — *Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Láti inú ìṣirò tí ìpele rẹ ń dá padà ni. BufferedWriter, ẹnì kejì BufferedReader ní ti ìkọsílẹ̀, gbé báìtì 13 fún write rẹ, nítorí NFD ni ọ̀rọ̀ náà. O sọ ọ́ di NFC, ó di 11, o kọ 11 sílẹ̀, o sì dá 11 padà. Lójú BufferedWriter, o gba 11 nínú 13, 2 ṣẹ́kù, ó sì tún gbé 2 tó kẹ́yìn wá. Báìtì méjì tó kẹ́yìn nínú “Àkúrẹ́” ti NFD ni CC 81, ìyẹn àmì òkè. Òun ni ìkejì tí o rí yẹn.

Iye tí o *gbà* ni kí o dá padà, ìyẹn len(b), kì í ṣe iye tí o kọ sílẹ̀. Bí ìpele rẹ bá ń sọ ọ̀rọ̀ di gígùn ju bó ṣe wá lọ, tí o sì dá iye tó ju len(b) padà, Python á da OSError sílẹ̀ pé invalid length. Bí o bá gbàgbé return pátápátá, None ló máa dá padà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọ̀nà dí, kò sí ohun tó kọjá. BlockingIOError lo máa rí nígbà náà.

Àmọ́ ìmọ̀ràn wa ni pé kí o má ṣe ti ìkọsílẹ̀ ní ìpele báìtì rárá. Báìtì tí BufferedWriter ń gbé wá lè gé ẹ sí méjì, nítorí báìtì 3 ni: E1 BA B9. Jogún TextIOWrapper, kí o sì tún write rẹ̀ nìkan kọ: normalize ọ̀rọ̀ náà, gbé e fún super().write, kí o dá len ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún ọ padà. Ìlà mẹ́ta péré, iṣẹ́ tán.

Ìbéèrè: Fáìlì tó ń ṣí lórí Linux ọ̀rẹ́ mi, lórí Windows tèmi ó ń sọ pé ’charmap’ codec can’t decode byte 0x8d. Òmíràn á ṣí, ṣùgbọ́n áº¹ ni mo ń rí dípò ẹ. — *Olùkàwé, Ọ̀wọ̀*

Ìdáhùn: Ẹ kò kọ encoding sínú open. Títí dé Python 3.14, ọ̀nà tí Windows fi ń sọ báìtì di lẹ́tà ló máa mú nígbà náà, èyí tó ń jẹ́ cp1252 lọ́pọ̀ ìgbà. Báìtì mẹ́ta ẹ ní ìtumọ̀ nínú cp1252, ìdí nìyẹn tí áº¹ fi ń jáde. E1 BB 8D ni ti ọ kékeré, 8D kò sì ní ìtumọ̀ kankan níbẹ̀, ètò wá kú. Ẹ kọ encoding="utf-8" nígbà gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo errors="ignore": ariwo á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà á máa sọnù nínú orúkọ ènìyàn láìsí ẹni tó mọ̀.

Ìbéèrè: Tí iná ọba bá lọ, ìlà bíi ogún tó kẹ́yìn kì í sí nínú fáìlì mọ́, bẹ́ẹ̀ mo ti pe write fún gbogbo wọn. — *Olùkàwé, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Write kì í ṣe díìsìkì. Ọ̀rọ̀ yín ṣì wà nínú àpò Python, lẹ́yìn náà á bọ́ sínú àpò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kó tó wá dé díìsìkì. f.flush() ń tú àpò Python dà sí ti ẹ̀rọ, os.fsync(f.fileno()) ń ní kí ẹ̀rọ gbé tirẹ̀ lọ sí díìsìkì. Flush ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí fsync kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ Python. Ẹ ṣe méjèèjì lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan bí ìlà kan bá tó owó ẹni. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ìlà mẹ́wàá, nítorí fsync máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Bí odindi fáìlì lẹ sì ń tún kọ, ẹ má fi "w" ṣí ògbólógbòó, nítorí ó máa ń sọ ọ́ di òfìfo lójú ẹsẹ̀, iná sì lè lọ níbẹ̀. Ẹ kọ tuntun sí orúkọ mìíràn, ẹ flush, ẹ fsync, ẹ pa á dé, kí ẹ wá fi os.replace gbé e lé orí èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Inú fódà kan náà ni kí méjèèjì wà. Bí ọ̀kan bá wà lórí fíláàṣì tí èkejì wà lórí díìsìkì ẹ̀rọ, os.replace á kọ̀.