Má san owó fọ́ọ̀mù 30% fún ejẹ́ǹtì kankan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ kan ní Eindhoven ti gbà mí síṣẹ́ ẹnjiníà, €60,000 lọ́dún. Ejẹ́ǹtì kan ní Wuse ní kí n san ₦650,000 kí òun bá mi gba 30%, ìyẹn àǹfààní owó orí fún òṣìṣẹ́ tó ti òkèèrè wá, pé ìjọba Netherlands á máa dá 30% owó oṣù mi padà fún mi lóṣooṣù. Ó ti fi fọ́ọ̀mù tó ní òǹtẹ̀ pupa ránṣẹ́. Ṣé iye rẹ̀ nìyẹn? (Ẹnjiníà, Kubwa)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Belastingdienst, ìyẹn ọ́fíìsì owó orí wọn, kì í gbowó lórí ẹ̀. Fọ́ọ̀mù olóǹtẹ̀ pupa yẹn, jù ú nù. Ọ̀fẹ́ ni ojúlówó ẹ̀ wà lórí ìkànnì wọn, ìwọ àti ọ̀gá tó gbà ọ́ síṣẹ́ lẹ sì jọ ń béèrè. Nọ́ńbà BSN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba wọn ń fúnni, wà lára ohun tó o máa kọ sí i, Netherlands lọ́hùn-ún lo sì ti máa gbà á. Kí wá ni ejẹ́ǹtì Wuse fẹ́ kọ síbẹ̀?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "dá padà" yẹn. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Ìjọba ò dá nǹkan kan padà fún ẹnikẹ́ni. Owó oṣù tìẹ náà ni: òfin gba ọ̀gá rẹ láyè láti san tó 30% nínú ẹ̀ láìyọ owó orí, torí ìnáwó ẹni tó ti òkèèrè wá. Bí ọ̀gá bá ní òun ò ṣe, ó parí. O sì lè má rí 30% ọ̀hún pé, torí ohun tó kù tí wọ́n máa yọ owó orí lé lórí ò gbọ́dọ̀ dín sí òdiwọ̀n kan (€46,660 ni lọ́dún 2025). Pẹ̀lú òdiwọ̀n 2025 yẹn, nínú €60,000 rẹ, €13,340 ló máa bọ́ lọ́wọ́ owó orí, kì í ṣe €18,000. Àfi tó ò bá tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó o sì ní máàsítà: òdiwọ̀n tìẹ kéré sí i, €35,468 ni lọ́dún 2025. Ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù, yóò sì di 27% láti 2027.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń gbé iṣẹ́ náà fún akáúńtáǹtì níbẹ̀, ìyẹn ń gbowó. Béèrè ẹni tó máa san án kó o tó buwọ́ lùwé. Má sì fi falẹ̀: bí ẹ ò bá béèrè láàárín oṣù mẹ́rin tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oṣù tó ti kọjá ti lọ nìyẹn. Má tún lọ kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ ẹbí ní Rotterdam, ní Netherlands níbẹ̀, kó o tó tọwọ́ bọ̀wé o. Ẹni tí wọ́n gbà láti òkèèrè lòfin ń wá.

Mi ò tíì rí ìwé àdéhùn rẹ, iye wọ̀nyí sì ń yí ní January, torí náà bi HR wọn. Tó o bá ti san àsansílẹ̀ fún ejẹ́ǹtì yẹn, lọ gbà á lónìí.