Ẹ má tíì ra sólà
Ẹ ní ẹ fẹ́ kí ilé iṣẹ́ àdìrẹ yín yé ba àyíká jẹ́, kí ìnáwó rẹ̀ sì rọlẹ̀, ẹ wá ń béèrè irú sólà tí ẹ óò kọ́kọ́ rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú owó yẹn dání ná. Ibi tí èmi gbà ṣubú nìyẹn.

Òkè-Baálẹ̀ níbí l'Óṣogbo ni mo ti ń paṣọ láró. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè mi. Mo kó àjọ, mo yáwó lé e, mo ra sólà kékeré kan pẹ̀lú bátìrì. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ ló kú fin-ín. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo lè fà tó 1,000 wáàtì. Ẹni tó tà á fún mi kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, èmi náà kò sọ. Gílóòbù méjì ló ń tàn títí dòní. Gílóòbù olówó ńlá.

Gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn kí n tó ra ìwé ogójì ewé, tí mo ń kọ gbogbo ohun tí a rà àti èyí tí a dànù sílẹ̀ fún oṣù kan. Epo kọ́ ló ń jẹ mí jù. Àbẹ́là tí a fi ń ya ọnà sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀ ni, igi ìdáná ló tẹ̀ lé e. Bí a bá ti fi omi gbígbóná bọ aṣọ tán kí àbẹ́là lè kúrò lára rẹ̀, a ó da omi náà sí gọ́tà, àbẹ́là á dì síbẹ̀, àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ á máa pariwo. Àṣé owó mi ni mo ń dà sí gọ́tà!

Báyìí, a máa ń fi omi náà sílẹ̀ di òwúrọ̀. Àbẹ́là á léfòó, á dì, a ó bù ú kúrò, omi yẹn la ó tún fi bọ aṣọ tó kàn. Ẹ fi iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yọ́ àbẹ́là náà títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ, torí ó máa ń ta páràpárà. Ọwọ́ òsì mi ní àpá tó jẹ́rìí. Á dúdú díẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ tuntun.

Sódà tí a ń pò mọ́ aró ńkọ́? Ewédú ẹ̀yìnkùlé alábàágbé mi ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi: omi aró wa ló jó gbogbo rẹ̀. Mo ra òṣùwọ̀n kékeré, mi ò fọwọ́ bu sódà mọ́. Aṣọ tó máa dúdú ló ń kọ́kọ́ wọ inú aró, èyí tó máa mọ́lẹ̀ á tẹ̀ lé e, kí aró tó rẹ̀ má baà ṣòfò. Odò Ọ̀ṣun tí àwọn awagóòlù lókè ọ̀hún ti sọ di omi ẹrẹ̀, a ò gbọdọ̀ fi tiwa kún un.

Mo gbìyànjú elú, ewé tí a fi ń ṣe aró, àti omi eérú bíi ti àwọn ìyá wa. Ìkòkò mẹ́ta bàjẹ́, oníbàárà kò sì lè dúró. Ẹni tó bá bẹ̀ mí níṣẹ́ elú nìkan ni mo ń ṣe é fún. Ẹ má pe aró sódà ní elú o, pàápàá lóṣù kẹjọ tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun bá dé. Obìnrin kan ní kí n fi ìkòkò elú hàn òun. Mi ò ní.

Ní ti áyọ́ọ̀nù, ẹni tó fẹ́ aṣọ dídán, kùmọ̀ igi la fi ń lù ú fún un. Àwọn tó kù, áyọ́ọ̀nù èédú ni. Ẹ má bá mi wí.