Mò ń kàwé mọ́jú, kò sì dúró lórí. Kí ló ń ṣe mí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ọdún 19 ni mí. Mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ n'Ìbàdàn, mo sì tún fẹ́ ṣe JAMB. Òru ni mo ń kàwé, láti aago 10 di aago 2, aago 5 ni mo sì ń jí. Gbànja ni mo fi ń lé oorun. Tílẹ̀ bá mọ́, n kì í rántí ohun tí mo kà, ọ̀gá mi sì bá mi wí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí pé apá òsì ni mo rán sí ọ̀tún. Wọ́n ní kí n ra oògùn ọpọlọ. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Má ra ìkankan, àbúrò mi. Wákàtí 3 lo ń sùn. Ó kéré tán, 7 ló yẹ ẹ́. Gbèsè oorun lo jẹ, kò sì sí oògùn tó lè bá ẹ san án.

Èmi náà ṣe é rí. Nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, inú omi tútù ni mo ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ kí oorun má baà gbé mi lọ, ìlà kan náà ni mo sì ń kà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo rántí ojú ewé tí ìdáhùn wà, mo rántí àbàwọ́n epo tó wà lára rẹ̀, ìdáhùn gan-an ni kò wá.

Ìwé kíkà kì í parí síbi tá a ti pa ìwé dé. Apá ọpọlọ tó ń kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ tuntun dà bíi tábìlì tẹ́ ẹ fi ń gé aṣọ: kò lè gba gbogbo ẹrù. Tá a bá sùn ni ọpọlọ ń tún ohun tá a kọ́ yẹ̀ wò, tó ń kó o lọ síbi tó máa pẹ́ sí. Aṣọ àná ṣì wà lórí tábìlì tìẹ nígbà tí tòní dé.

Lọ́dún 1924, Jenkins àti Dallenbach ní Yunifásítì Cornell, l'Amẹ́ríkà, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì kọ́ ọ̀rọ̀ 10 tí kò nítumọ̀ sórí. Tí wọ́n bá fi wákàtí 8 wà lójúfò lẹ́yìn rẹ̀, agbára káká ni wọ́n fi ń rántí ẹyọ kan. Tí wọ́n bá fi í sùn, wọ́n ń rántí ju márùn-ún lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì kéré lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn wọn rí ohun tó jọ ọ́. Ó kan iṣẹ́ ọwọ́ náà: ìka tó ń kọ́ nǹkan tuntun sábà máa ń yá sí i lẹ́yìn oorun, láìtún fi kọ́ra.

Kaféènì inú gbànja kì í mú àárẹ̀ kúrò, ṣe ló ń dí ọpọlọ létí kó má gbọ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó sì máa ń tó wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Èyí tó o jẹ ní aago 10, ìdajì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní aago 3, nígbà tó o rò pé ò ń sùn. Má jẹ ẹ́ mọ́ tó bá ti di ọ̀sán.

Kàwé láti aago 8 sí 9 ààbọ̀, kó o sùn ní aago 10. Sinmi díẹ̀ láàárín, má sì fọwọ́ kan fóònù. Tọrọ ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ọ̀gá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kó o fi rẹjú. Tí wọ́n bá ní ìmẹ́lẹ́ ni, rán wọn létí apá aṣọ ọjọ́sí.

Tó o bá ti sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò yí padà, lọ rí dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà máa ń fa irú àárẹ̀ yìí.